Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mọ́nítọ̀ Méjì Lórí Kọ̀ǹpútà Linux

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn fún oṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí bí a ṣe ń lo mọ́nítọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ lórí kọ̀ǹpútà Linux. Mo pinnu láti dá wọn lóhùn pa pọ̀, nítorí pé bí mo ti ń ka ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì ni mo ń rí i pé ibì kan náà ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ lábẹ́ àwọn tó kọ wọ́n. Ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ ṣú dúdú a sáré lọ sínú Settings, nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò tíì mọ̀ rárá pé wọ́n so ohunkóhun mọ́ òun. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti rí mọ́nítọ̀ náà dájúdájú a tún lọ ná owó lórí wáyà tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ètò inú kọ̀ǹpútà ló yẹ kó tún tò. Kí kọ̀ǹpútà rí mọ́nítọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Kí ó lò ó bí a ṣe fẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fọwọ́ kan èkejì kí ẹ tó mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ dúró sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, àsàláámù àlékùmù. Iṣẹ́ ìwé títò ni mo ń ṣe ní àdúgbò Ìta-Àmọ́dù ní Ìlọrin, ìwé àwọn àáfáà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń tò: Lárúbáwá lápá kan, ìtumọ̀ Yorùbá lápá kejì. Mo ra mọ́nítọ̀ tókunbọ̀ kan tó jẹ́ ínṣì 20 kí n lè máa wo èdè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò VGA nìkan ni mọ́nítọ̀ náà ní, HDMI nìkan sì ni láptọ́ọ̀pù mi ní. Wáyà tí mo rà lọ́jà, tó ní orí HDMI lápá kan àti orí VGA lápá kejì, kò gbé ohunkóhun wá. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní àdápítọ̀, àwòrán sì dé, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ fà wọ́n, ìwọ̀n tó tóbi jù tí mo sì ń rí yàn ni 1024x768. Linux Mint ni mo ń lò. Kí ni kí n ṣe? — Atòwé, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Wa àlékùmù sàláámù. Ìṣòro méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ti yanjú láìjẹ́ pé ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí náà, kí ẹ má baà tún padà lọ ra irú wáyà yẹn.

Òǹkà ni HDMI ń fi ránṣẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka nọ́ńbà fún ẹnìkejì rẹ̀. VGA ní tirẹ̀ jáde ní ọdún 1987 pẹ̀lú kọ̀ǹpútà PS/2 ti ilé-iṣẹ́ IBM, ní ayé mọ́nítọ̀ onídìí ńlá, iná tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ ló sì ń fi ránṣẹ́. Wáyà lásán kò lè ṣe ògbufọ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń to Lárúbáwá sí ẹ̀gbẹ́ Yorùbá mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè méjèèjì kò lè túmọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Nínú àdápítọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín yá yín, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ yẹn. Nínú wáyà tí ẹ rà, kò sí. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, èyí tó tún ní wáyà USB tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti mú, nítorí pé mílíámpì 55 péré ni òfin HDMI fi dandan lé láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ láti fún ohun tí a bá so mọ́ ọn, àwọn àdápítọ̀ kan sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà rí mọ́nítọ̀, ẹ ṣí Terminal, ìyẹn ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ èyí:

grep . /sys/class/drm/card*-*/status

Gbogbo ihò àwòrán tó wà lára kọ̀ǹpútà yín ni yóò tò jáde, connected tàbí disconnected yóò sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ihò HDMI bá sọ pé disconnected nígbà tí wáyà wà nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣí Settings rárá: wáyà, àdápítọ̀, ihò tàbí dráífà káàdì àwòrán, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè lo káàdì náà, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ dráífà yìí kan àwọn tí láptọ́ọ̀pù wọn ní káàdì NVIDIA pẹ̀lú ti Intel, nítorí pé nínú púpọ̀ nínú wọn, ara káàdì NVIDIA gan-an ni wọ́n so ihò HDMI mọ́. Bí dráífà rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ihò náà kú nìyẹn, bó ti wù kí wáyà dára tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lẹ́tà tó fẹ̀. Mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìdánimọ̀ kékeré kan nínú, EDID ni orúkọ rẹ̀, báìtì 128 sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mọ́nítọ̀ ti ń sọ ẹni tó ṣe é àti àwọn ìwọ̀n àwòrán tó lè gbé. Lórí wáyà VGA, abẹ́rẹ́ kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni ìwé ìdánimọ̀ yìí ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ́, tàbí tí ẹni tó ṣe wáyà náà kò so ó rárá, àwòrán yóò dé, ṣùgbọ́n ìwé ìdánimọ̀ kò ní dé, kọ̀ǹpútà yóò sì rọra mú ìwọ̀n tí kò lè ṣe mọ́nítọ̀ kankan ní ibi, tí 1024x768 sábà máa ń jẹ́ òkè téńté rẹ̀. Mọ́nítọ̀ yín fẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn lẹ́tà fi dà bí ohun tí wọ́n fà. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà VGA mìíràn dán an wò. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: ìlà mẹ́ta ni àwọn abẹ́rẹ́ náà wà, márùn-ún márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jáyà bí ìkẹsàn-án kò bá sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wáyà ni wọn kì í fi í sí.

Bí wáyà mìíràn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ ó fi ẹnu ara yín sọ ìwọ̀n náà fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ínṣì 20 ló jẹ́ 1600x900, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn tiyín kí ẹ rí i dájú, nítorí pé mọ́nítọ̀ tí a bá fún ní ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ yóò kàn kọ "out of range" sójú ni. Àṣẹ àkọ́kọ́, cvt, ni yóò ṣe ìṣirò. Àwọn nọ́ńbà tó bá mú jáde ni ẹ ó kó sínú èkejì:

cvt 1600 900
xrandr --newmode "1600x900_60.00" 118.25 1600 1696 1856 2112 900 903 908 934 -hsync +vsync
xrandr --addmode HDMI-1 1600x900_60.00
xrandr --output HDMI-1 --mode 1600x900_60.00 --right-of eDP-1

Ẹ má da HDMI-1 àti eDP-1 kọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ wọ́n. Ẹ tẹ xrandr nìkan ní àkọ́kọ́, kí ẹ rí orúkọ tí kọ̀ǹpútà tiyín ń pè wọ́n. Láptọ́ọ̀pù ẹlòmíràn lè pe ojú tirẹ̀ ní LVDS-1. Ibí yìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti máa ń bá àwọn tó ń da àṣẹ kọ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó sì ń dùn mí, nítorí pé àṣẹ náà kò burú, orúkọ ló yàtọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti bá yín lára mu, ẹ kó àwọn ìlà xrandr mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ .xprofile nínú fódà ilé yín, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣe é fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá wọlé. Ara Mint yín ni èyí yóò ti ṣiṣẹ́, nítorí pé X11 ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ láti gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀. Ẹni tó bá ń lo Wayland, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bíi ti Ubuntu tòde òní (irú Linux mìíràn), kò lè fi xrandr yí ètò mọ́nítọ̀ rẹ̀ padà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ echo $XDG_SESSION_TYPE kó lè mọ èyí tí òun wà nínú rẹ̀.

Fún iṣẹ́ yín gan-an, ẹ wo inú LibreOffice, lábẹ́ Window, ẹ ó rí New Window. Yóò ṣí ìwé kan náà ní ojú fèrèsé méjì, ẹ ó sì lè gbé ojú-ewé Lárúbáwá sórí mọ́nítọ̀ kan, kí Yorùbá wà lórí èkejì. Ohun tí ẹ bá tún ṣe nínú ọ̀kan ni yóò hàn nínú èkejì lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀ffà. Mọ́nítọ̀ kejì wà ní ọwọ́ òsì mi lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni mo gbọ́dọ̀ tari máòsì sí kí àmì rẹ̀ tó bọ́ sórí rẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, ó máa ń kọlu ògiri kan tí n kò rí. — Olùkọ́, Ọ̀ffà.

ÌDÁHÙN: Kọ̀ǹpútà yín rí mọ́nítọ̀ náà dáadáa, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kan wáyà. Kò mọ ibi tí ẹ gbé e sí lórí tábìlì ni, kò sì sí ọ̀nà tí ó lè gbà mọ̀ àyàfi tí ẹ bá sọ fún un. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ Displays. Ẹ ó rí àpótí méjì tó dúró fún mọ́nítọ̀ méjèèjì. Ẹ fi máòsì wọ́ àpótí mọ́nítọ̀ kejì lọ sí ọwọ́ òsì, kí ẹ sì tẹ Apply.

Ògiri tí ẹ kò rí wà lóòótọ́. Bí ojú láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ 1366x768, tí mọ́nítọ̀ sì jẹ́ 1920x1080, ọ̀kan fi ìlà 312 ga ju èkejì lọ, kò sì sí ilẹ̀kùn ní ibi tí ìlà 312 náà wà. Bí ẹ bá to orí àwọn àpótí náà dọ́gba, ògiri á wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá to ìdí wọn dọ́gba, á wà lókè. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó gan-an lórí tábìlì yín, ọwọ́ yín yóò sì mọ ọ̀nà láìpẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òmù-Àrán, níbi tí a ti ń tẹ̀wé tí a sì ń bá àwọn ọmọ iléèwé fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láptọ́ọ̀pù méjì ni mo ní, Ubuntu ló wà lórí méjèèjì, mo máa ń pa wọ́n dé kí àyè lè gbà wá, a ó wá máa wo mọ́nítọ̀ ńlá. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé bí iná bá lọ, ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe yàtọ̀. Èyí tó wà lórí DisplayPort, irú ihò àwòrán mìíràn, máa ń sùn, fọ́ọ̀mù tí à ń kọ lọ́wọ́ á sì bàjẹ́. Èyí tó wà lórí HDMI kì í sùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, àwòrán ẹ̀yìn ojú rẹ̀ lásán ni mo máa ń rí, fọ́ọ̀mù kò sí níbẹ̀. Bátìrì méjèèjì sì dára. — Oníṣọ́ọ̀bù, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, tiyín ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé àwọn tó ṣe ètò yìí kò fi ibi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́ sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí tí a sì ń rò pé láptọ́ọ̀pù wa ló ti gbó.

Ìwé ìdánimọ̀ tí mo sọ nípa rẹ̀ fún atòwé lókè yìí ló tún fà á. Lórí HDMI, iná fóltì 5 tó ń ti inú láptọ́ọ̀pù wá lè gbé ẹ̀rọ kékeré tó mú ìwé ìdánimọ̀ náà dání, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mọ́nítọ̀ kan fi máa ń dáhùn pé "mo wà ńbí" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn ti ṣú pátápátá. Mọ́nítọ̀ yín tó wà lórí HDMI jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyẹn. Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ó sì fi fọ́ọ̀mù yín sílẹ̀ sínú òkùnkùn níbi tó wà. Lórí DisplayPort, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ni kì í dáhùn mọ́ bí iná tiwọn bá ti lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ti yọ wáyà nìyẹn. Òfin tí systemd, ètò tó ń bójú tó iṣẹ́ inú Linux, ń tẹ̀ lé sì ni pé bí ideri láptọ́ọ̀pù bá wà ní pípadé tí mọ́nítọ̀ mìíràn wà níta, kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí mọ́nítọ̀ òde kò bá sí mọ́, kó sùn. Àwọn méjèèjì ló tẹ̀ lé òfin kan náà. Ohun tí ọ̀kan rí ni èkejì kò rí.

Bí fọ́ọ̀mù bá há sínú òkùnkùn lórí èyí tó wà lórí HDMI, ẹ ṣí ideri rẹ̀, kí ẹ di bọ́tìnì Super mú, ìyẹn èyí tó ní àmì Windows lára, kí ẹ sì máa tẹ P títí ẹ ó fi dé ibi tí ojú láptọ́ọ̀pù nìkan wà. Gbogbo fèrèsé ni yóò sáré padà wálé. Bí ẹ bá fẹ́ mú fèrèsé kan ṣoṣo padà, ẹ fi Alt àti Tab yàn án, kí ẹ wá tẹ Super, Shift àti ọfà tó kọjú sí apá ibi tí láptọ́ọ̀pù wà.

Ṣùgbọ́n bí èmi bá wà ní ipò yín, n kò ní jẹ́ kó débẹ̀. Nínú Displays, n ó yan Mirror fún láptọ́ọ̀pù méjèèjì, n ó sì fi ideri wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí, àní bí n ó tilẹ̀ gbé wọn sórí pákó kékeré lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ kí àyè lè gbà. Ohun kan náà ni ojú méjèèjì yóò máa fi hàn. Ọmọ tó wá fi orúkọ sílẹ̀ yóò lè máa wo bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ lórí mọ́nítọ̀ ńlá, kó sì tètè sọ bí àṣìṣe bá wà. Bí iná bá sì lọ, ẹ kò ní ṣe ju kí ẹ yí ojú sí láptọ́ọ̀pù lọ, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ lórí bátìrì. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ wọ inú /etc/systemd/logind.conf, kí ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, láptọ́ọ̀pù kò ní sùn mọ́ bí ẹ bá pa á dé; ṣùgbọ́n kò ní sùn nínú báàgì pẹ̀lú, yóò máa gbóná níbẹ̀ títí bátìrì yóò fi tán. N kò fẹ́ ẹ fún láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀.

Ohun kan kù. Ubuntu ń kọ ètò tí ẹ bá ṣe sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ monitors.xml nínú fódà .config, ihò tí mọ́nítọ̀ wà nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ló sì fi ń rántí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan máa wà ní ihò kan náà lára láptọ́ọ̀pù kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn lẹ́yìn tí ẹ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí àlejò, ẹ ó sì tún ètò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Tanke, Ìlọrin, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ mi ní VGA àti DisplayPort, Core i5-2520M ló wà nínú rẹ̀, Debian (irú Linux kan) pẹ̀lú Xfce (ojú iṣẹ́ rẹ̀) ni mo fi sí i. Mọ́nítọ̀ kan pẹ̀lú ojú láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti fi ìkẹta kún un, ó máa ń sọ pé "cannot find crtc". Mo ti tún Debian fi sí i lẹ́ẹ̀mejì. — Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke.

ÌDÁHÙN: Má tún un fi sí i lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà rẹ rí mọ́nítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tẹ xrandr, wàá rí i pé connected ni ó kọ sí iwájú gbogbo wọn. Kò lè lò wọ́n pọ̀ ni, àìlè yìí kò sì sí lọ́wọ́ Linux. Kí àwòrán tó dé ihò kan, ẹ̀yà kan nínú káàdì àwòrán gbọ́dọ̀ máa ka ìlà rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà náà ni xrandr ń pè ní crtc, orúkọ tó jogún láti ayé mọ́nítọ̀ onídìí ńlá. Nọ́ńbà 2 tó ṣáájú nínú 2520M ń sọ pé ìran kejì Core ti Intel ni tìrẹ, èyí tó jáde ní ọdún 2011. Méjì péré ni irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ tí káàdì àwòrán inú rẹ̀ ní. Ìran kẹta, tó jáde ní ọdún 2012, ló wá ní mẹ́ta. Ihò lè pọ̀ lára láptọ́ọ̀pù ìran kejì, kódà bí o bá gbé e ka orí dọ́ọ̀kì, ìyẹn pèpéle tó kún fún ihò, méjì ni yóò gbé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àdápítọ̀ USB oní-DisplayLink lè fi ìkẹta kún un, nítorí pé kì í gba ọ̀dọ̀ ẹ̀yà méjì yẹn kọjá. Ṣùgbọ́n ó nílò dráífà tirẹ̀ pẹ̀lú evdi, ẹ̀yà kan tó ń bá kernel (ọkàn Linux) ṣiṣẹ́, tí a gbọ́dọ̀ tún kọ́ ní gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà, prósẹ́sọ̀ rẹ ni yóò sì máa ru ẹrù àwòrán náà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka owó rẹ̀, n kò rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o yọ̀ǹda ojú láptọ́ọ̀pù, kí o lo mọ́nítọ̀ òde méjèèjì, tí wọ́n tóbi jù ú lọ lọ́nàkọnà: ìwé kíkà lórí ọ̀kan, iṣẹ́ lórí èkejì. Pa ojú láptọ́ọ̀pù kú kí o tó tan ìkejì, nítorí pé bí kò bá tíì fi crtc tirẹ̀ sílẹ̀, kò sí èyí tí ẹlòmíràn yóò gbà:

xrandr --output LVDS-1 --off
xrandr --output DP-1 --auto --primary
xrandr --output VGA-1 --auto --right-of DP-1

Fi orúkọ tí xrandr fi hàn ọ́ rọ́pò tèmi. Bí iná bá lọ tí àwọn mọ́nítọ̀ méjèèjì bá ṣú, ojú láptọ́ọ̀pù kò ní dá tàn fúnra rẹ̀, nítorí náà kọ xrandr --output LVDS-1 --auto pẹ̀lú --output VGA-1 --off sórí ìlà kan ṣoṣo nínú Keyboard, lábẹ́ Application Shortcuts, kí o sì fún un ní bọ́tìnì tí ìka rẹ lè rí nínú òkùnkùn.